Kí Ni Wọn Yóò Máa Pè É?

Ní ìlú Ìṣẹ́yìn, ìró òfì ni ó máa ń jí ọmọ tí àkùkọ kò bá rí jí. Kí oòrùn tó gòkè, àwọn ahunṣọ á ti jókòó sí ìdí òfì wọn, ẹsẹ̀ á máa tẹ̀, ọwọ́ á máa ju òwú láti ọ̀tún sí òsì, aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ á sì máa gùn sí i díẹ̀díẹ̀. Ní agbo ilé kan ní ìlú náà, baba kan wà tí ó jogún iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ baba rẹ̀, tí baba rẹ̀ náà sì jogún rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó bí i. Sányán, àlàárì, ẹtù, kò sí èyí tí ọwọ́ rẹ̀ kò gbà. Àkọ́bí rẹ̀ jẹ́ ọmọkùnrin. Ọjọ́ tí ọmọ yìí gba ipò kìíní ní JSS 1 ni baba rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní "Dókítà".

Àwọn tí ó kọ́kọ́ gbọ́ ọ rò pé àwàdà ni. Kì í ṣe àwàdà rárá. Bí oníbàárà bá ti Ìbàdàn tàbí Èkó wá ra aṣọ ìgbéyàwó, tí ọmọ náà bá gbé omi wá fún un, baba á ní, "Dókítà mi nìyẹn o." Kò pẹ́ tí gbogbo agbo ilé fi gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ìyá arúgbó tí orúnkún ń dùn á ní kí wọ́n bá òun pe Dókítà. Yorùbá gbà pé orúkọ a máa ro ọmọ, ìdí nìyẹn tí òbí fi ń ronú jinlẹ̀ kí ọjọ́ ìkómọ tó pé. Ṣùgbọ́n orúkọ kejì yìí, kò sí ẹni tí ó ronú sí i. Ọmọ náà kò tíì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí ó fẹ́ dà tí wọ́n ti fi sọ ọ́ lórúkọ iṣẹ́.

Olùkọ́ tí ó bá ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ mọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Kò sí kíláàsì tí wọn kì í sí. "Lọ́yà" wà níwájú, "Ẹnjiníà" wà lẹ́yìn, àwọn mìíràn sì ń dáhùn orúkọ náà pẹ̀lú ìdùnnú nítorí pé ohun tí ó wù wọ́n ni. Ti ọmọ ahunṣọ yìí kò rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ tó mọ̀.

Bí a bá bi ọ̀pọ̀ òbí pé ìgbà wo ni ọmọ ń yan ohun tí yóò kà ní yunifásítì, wọn yóò ní ìgbà tí ó bá fẹ́ gba fọ́ọ̀mù JAMB ni. Irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n òtítọ́ ọ̀hún kò pé. Ọjọ́ tí ọmọ wọ SS 1 ni wọ́n ti yan èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, nígbà tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju mẹ́rìnlá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Wọ́n á kó èsì ìdánwò JSS 3 jáde, wọ́n á wo máàkì. Ẹni tí máàkì rẹ̀ ga, Sáyẹ́ǹsì. Ẹni tí ó tẹ̀ lé e, Kọmáṣà. Ẹni tí ó bá kù, Áàtì. Bí ẹni ń ṣa iṣu lóko ni: èyí tí ó tóbi ń lọ sí ọjà, èyí tí ó kéré di ti ilé. Ohun tí wọn kì í sábà wò ni ibi tí máàkì náà gan-an ti ga.

Ti ọmọ yìí, Yorùbá ni ó ti ga jù. Ọmọ tí inú rẹ̀ máa ń dùn pé ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ lè jẹ́ lẹ́tà kan náà kí ohùn nìkan sì yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọmọ tí ó máa ń dúró lẹ́yìn kíláàsì láti béèrè ìdí tí àwọn ará Ọ̀yọ́ fi ń pe ọ̀rọ̀ kan báyìí tí àwọn Èkìtì sì ń pè é lọ́nà mìíràn. Ṣùgbọ́n ó mọ ìṣirò náà, máàkì rẹ̀ sì dára ní gbogbo rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò pé tí wọ́n fi kọ orúkọ rẹ̀ sí Sáyẹ́ǹsì. Kò sí ẹni tí ó bi í léèrè, òun náà kò sì mọ̀ pé ohun tí ènìyàn lè sọ̀rọ̀ sí ni. Ní ọjọ́ náà, baba rẹ̀ ra ẹran wálé.

Ìdánwò WAEC kì í gba ju ẹ̀kọ́ mẹ́sàn-án lọ. Tí a bá ti ka Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Físíìsì, Kẹ́mísírì àti Bàólójì, tí a fi àwọn tí ìjọba sọ di dandan kún un, àyè tí ó kù kò tó nǹkan mọ́. Síbẹ̀, ọmọ Sáyẹ́ǹsì lè mú Yorùbá bí ilé ìwé bá gbà fún un. Ilé ìwé tirẹ̀ kò kọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ètò àkókò ẹ̀kọ́ ni ó kọ̀ ọ́. Ìgbà tí àwọn Áàtì ń ṣe Yorùbá ni àwọn Sáyẹ́ǹsì ń ṣe Kẹ́mísírì. Ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun máa dá a kà fúnra òun. Wọ́n ní kí ó gbájú mọ́ ohun tí ó gbé e wá. Báyìí ni ẹ̀kọ́ tí ó mọ̀ jù lọ ṣe kúrò nínú ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni kórìíra Yorùbá. Tábìlì kan tí wọ́n fi rúlà fà sórí páálí ni ó fa gbogbo rẹ̀.

Ó yege nínú WAEC. Físíìsì rẹ̀ jẹ́ C6, èyí tí ó tó láti fi gba fọ́ọ̀mù, ṣùgbọ́n òun mọ bí ó ti làágùn tó kí ó tó rí i. Ó yan ìmọ̀ ìṣègùn ní JAMB. Ẹ̀kọ́ mẹ́rin ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, ọgọ́rùn-ún máàkì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, 400 ni gbogbo rẹ̀. Ó gba 207. Ní ọdún kejì ó gba 226. Fún ìmọ̀ ìṣègùn ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀, níbi tí èrò rẹpẹtẹ ti ń du àyè díẹ̀, tí ìdánwò àwọn yunifásítì fúnra wọn tún ń dúró de ènìyàn lẹ́yìn ti JAMB láti ọdún 2005, máàkì bẹ́ẹ̀ kò lè gbé ni dé ẹnu ọ̀nà. Máàkì JAMB kì í sì í ṣe ohun tí ènìyàn lè tọ́jú de ọdún tí ń bọ̀. Ọdún kan péré ni agbára rẹ̀.

Àwọn kan gba baba nímọ̀ràn pé kí ọmọ yí i sí ẹ̀kọ́ mìíràn nínú Sáyẹ́ǹsì tí máàkì rẹ̀ lè gbé, èyíkéyìí tí ó bá ṣáà ti rí. Ọ̀nà yìí ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ ń gbà wọ yunifásítì ní ilẹ̀ yìí: wọ́n tọrọ ẹran, wọ́n fún wọn ní egungun, wọ́n sì jókòó tì í fún ọdún mẹ́rin. Lára wọn, àwọn kan wá fẹ́ràn egungun náà níkẹyìn. Ṣùgbọ́n baba kọ̀ jálẹ̀. Dókítà ni òun ń pè é, Dókítà ni yóò jẹ́.

Nítorí náà, ọmọ padà sí ìdí òfì. Fún bí ọdún méjì, òwúrọ̀ ni ó fi ń hunṣọ, alẹ́ ni ó fi ń ka Físíìsì. Ibẹ̀ ni nǹkan ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà láìsí ẹni tí ó mọ̀. Àwọn àgbà tí ó ń hunṣọ nínú ọgbà náà kì í dákẹ́. Bí ọwọ́ wọn ti ń lọ ni ẹnu wọn ń lọ: oríkì orílẹ̀, òwe, àlọ́, ìtàn ẹni tí ó kọ́kọ́ tẹ agbo ilé dó. Ìyá arúgbó tí orúnkún ń dùn yẹn ni ó mọ oríkì ilé jù. Ìyàwó ilé ni, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí ó ti ń fi kí àwọn ọmọ ọkọ rẹ̀ ní òwúrọ̀. Ọmọkùnrin yìí ra ìwé kékeré kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ wọ́n sílẹ̀, pẹ̀lú àmì ohùn. Bí ó bá rí ọ̀rọ̀ tí kò yé e, á tọ ìyá náà lọ ní ìrọ̀lẹ́. Nígbà mìíràn ìyá náà pàápàá kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Bí òun ṣe bá a nìyẹn. Ìwé kan kún, ó ra èkejì. Ìwé Físíìsì rẹ̀ ṣì wà ní ibi tí ó ti ṣí i sí ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn.

Ọjọ́ kan ni ó wá pe ara rẹ̀ lọ́kùnrin. Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, ó kúnlẹ̀ níwájú baba rẹ̀.

"Bàbá, ẹ má bínú sí mi. Yorùbá ni mo fẹ́ lọ kà."

Baba kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rò pé òun kò gbọ́ dáadáa. Nígbà tí ó yé e, ẹ̀rín náà kúrò. "Yorùbá tí o ti ń gbọ́ láti inú oyún? Ìyẹn ni wàá lọ fi owó kọ́?"

"Bàbá, gbogbo ará Ìṣẹ́yìn ni ó ti ń wọ aṣọ láti kékeré. Ṣé gbogbo wọn ni ó mọ̀ ọ́n hun?"

Ìyá rẹ̀ tí ó ń palẹ̀ àwo mọ́ dúró. Baba kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí yóò sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rọlẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. "Ó dáa. Tí o bá kà á tán, ta ni yóò gbà ọ́ síṣẹ́? Kí ni wọn yóò máa pè ọ́?"

Ọmọ kò rí èsì fọ̀. Ó dìde, ó lọ sùn.

Àwọn tí ó fẹ́ràn èdè wa máa ń yára bínú sí irú baba bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ní ojú ti ọ̀làjú fọ́ ọ, wọ́n á ní kò mọ iyì ohun ìní rẹ̀. Ẹ wo ọkùnrin yìí ná. Ẹni tí ó ń hun ẹtù ni, ó sì ń sọ Yorùbá tí ọ̀pọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n yóò sanwó láti gbọ́. Ó mọ iyì ohun ìní rẹ̀. Ohun tí ó tún mọ̀ ni pé iyì nìkan kì í kún ikòkò. Ó ti rí i bí aṣọ ẹ̀rọ ṣe ń wọlé láti òkè òkun ní owó pọ́ọ́kú, bí ènìyàn ṣe ń yin aṣọ òfì tí ó sì ń lọ ra ayédèrú rẹ̀. Kò fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ tún jókòó ti ohun mìíràn tí gbogbo ayé ń yìn tí wọn kò sì ń rà. Ìbéèrè rẹ̀ yẹ kí a dá a lóhùn gẹ́gẹ́ bí ìbéèrè àgbà.

Èsì rẹ̀ kò rọrùn. Iṣẹ́ olùkọ́ ni ó kọ́kọ́ wá sọ́kàn, ṣùgbọ́n ìjọba ìpínlẹ̀ kì í gba olùkọ́ lọ́dọọdún, ẹni tí ó bá sì ka B.A. láìka ìmọ̀ ẹ̀kọ́ mọ́ ọn yóò ṣì padà lọ gba PGDE kí TRCN tó ka á sí olùkọ́. Yàtọ̀ sí èyí, àyè mìíràn wà. Aláròyé ti ń ta ìwé ìròyìn Yorùbá láti ọdún 1996. Ní ọdún 2013 ni Google fi Yorùbá kún àwọn èdè tí ẹ̀rọ ìtúmọ̀ rẹ̀ ń túmọ̀. Ẹni tí ó bá sì ti lò ó rí mọ̀ pé àṣìṣe rẹ̀ ṣì ń fẹ́ ẹni tí yóò tún un ṣe. Ní oṣù Kejì ọdún 2018 ni BBC bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ka Yorùbá tirẹ̀. Ètò Fulbright ti mú àwọn ọ̀dọ́ olùkọ́ láti ilẹ̀ yìí lọ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Amẹ́ríkà ní Yorùbá. Rédíò wà, fíìmù wà, ìtúmọ̀ wà. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ń wá ẹni tí ó ní ìwé ẹ̀rí lásán. Wọ́n ń fẹ́ ẹni tí ó lè kọ Yorùbá láìsí àṣìṣe, tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ náà dán mọ́rán, tí ó mọ kọ̀ǹpútà lò, tí ó sì ní nǹkan tí ó ti kọ tàbí tí ó ti túmọ̀ tí ó lè nà sí wọn. Ẹni tí ó bá ka Yorùbá nítorí pé JAMB kò gbé e dé ibòmíràn kì í sábà ní ìkankan nínú wọn. Òun ni àwọn ènìyàn sì máa ń tọ́ka sí pé Yorùbá kò níṣẹ́.

A tún máa ń gbàgbé pé àwọn àgbà tí a fi ń yangàn nínú iṣẹ́ yìí kò gba ọ̀nà tààrà débẹ̀. Èdè Faransé ni Akínwùmí Ìṣọ̀lá, ẹni tí ó gbé ayé láti ọdún 1939 sí 2018, kà fún oyè àkọ́kọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ṣì jẹ́ níbẹ̀ nígbà tí ó kọ eré Ẹfúnṣetán Aníwúrà, tí ó jáde ní ìwé ní ọdún 1970. Òun náà ni ó wá kọ Ó Le Kú, tí Túndé Kèlání sọ di fíìmù ní ọdún 1997. Gẹ̀ẹ́sì ni Ayọ̀ Bámgbóṣé kà ní Ìbàdàn kí ó tó lọ kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá èdè ní Edinburgh, tí ó sì kọ ìwé gírámà Yorùbá tí ó jáde ní ọdún 1966. Ní àkókò wọn, kò tíì sí oyè àkọ́kọ́ nínú Yorùbá ní Ìbàdàn tí wọn ìbá kà. Ìtàn wọn lè ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà bí kò bá ṣọ́ra. Ẹnì kan lè tibẹ̀ wí pé kò sí ohun tí ó kan ènìyàn pẹ̀lú ohun tí ó bá kà. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ohun tí Ìṣọ̀lá ń ṣe ní òru, nígbà tí kò sí olùkọ́ tí ó ran an níṣẹ́, ni ó yẹ kí a wò. Ọmọ ahunṣọ wa náà, kò sí ẹni tí ó rán an ní iṣẹ́ ìwé kékeré méjì yẹn.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ alẹ́ ọjọ́ náà, ìyá arúgbó olórúnkún kú. Wọ́n sin ín ní ọjọ́ náà gẹ́gẹ́ bí ti Mùsùlùmí. Níbi àdúà ọjọ́ kẹjọ ni gbogbo ẹbí ti pé, tí àwọn obìnrin ilé sì fẹ́ fi oríkì kí àwọn ọmọ olóògbé. Ẹsẹ̀ mẹ́rin márùn-ún, ó tán lẹ́nu wọn. Ẹni tí ì bá bá wọn gbé e ni wọ́n ń ṣe àdúà fún. Wọ́n ń wo ara wọn lójú. Ọmọkùnrin yìí bá wọlé, ó mú ìwé rẹ̀ jáde, ó jókòó sẹ́yìn ìyàwó àgbà, ó ń ka á sí i létí ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, obìnrin náà sì ń gbé e sókè. Ó pẹ́ kí ó tó tán. Láàrin rẹ̀ ni wọ́n ti dárúkọ baba ńlá kan tí baba ọmọ náà kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i.

Baba kò sọ nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Kò sọ nǹkan kan ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, ó béèrè iye tí yóò gbà.

Kò kéré, nítorí ètò àkókò ẹ̀kọ́ ọjọ́sí ti dé láti gba gbèsè rẹ̀. Kò sí Yorùbá nínú èsì WAEC ọmọ náà. Yunifásítì gba èsì ìjókòó méjì pọ̀, nítorí náà ó ní láti forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò àdáṣe, kí ó ṣe Yorùbá, Lítíréṣọ̀, ẹ̀kọ́ nípa ìjọba àti ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn Islam. Yorùbá kò bà á lẹ́rù. Ẹ̀kọ́ nípa ìjọba ni kò ṣí ìwé rẹ̀ rí. Ọdún mẹ́ta tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi kọ́ ọ, oṣù mẹ́jọ ni òun ní. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ bá ń ka èyí, tí ẹ bá tún fẹ́ fa rúlà sórí páálí ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí oṣù mẹ́jọ náà. Kí ẹ sì pe ọmọ JSS 3 kọ̀ọ̀kan sọ́dọ̀, kí òbí rẹ̀ wà níbẹ̀, kí ẹ bi í ní ohun tí ó máa ń ṣe bí kò bá sí ẹni tí ó ń wò ó. Kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá kan náà lọ.

Baba ta aṣọ ẹtù kan tí ó ti hun sílẹ̀ de ìgbéyàwó ara rẹ̀ tí yóò fi ọmọ rẹ̀ obìnrin fọ́kọ. Ìyàwó rẹ̀ bínú fún ọjọ́ méjì. Ọmọbìnrin náà ni ó bẹ ìyá rẹ̀, ó ní ọkọ òun kò tíì wá, ẹ̀gbọ́n òun ló ti dàgbà.

Nígbà tí ìforúkọsílẹ̀ JAMB bẹ̀rẹ̀, baba àti ọmọ ni wọ́n jọ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe é. Èrò pọ̀. Ó ti lé ní ago méjì ọ̀sán kí ó tó kàn wọ́n. Ọmọdébìnrin tí ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kò gbójú sókè.

"Kọ́ọ̀sì wo?"

"Yorùbá."

Ó gbójú sókè wàyí. Ó wo ọmọ náà, ó wo àgbàlagbà tí ó dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú fìlà aṣọ òfì, bí ẹni tí ó fẹ́ mọ̀ bóyá ilé ti gbọ́. "Ẹ ǹlẹ́ sà. Yorùbá ni wọ́n ní o."

"Ọmọ mi, òun ni kí o kọ."

Ọmọdébìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Gẹ̀ẹ́sì, Yorùbá, ìjọba, ẹ̀sìn Islam. Baba tẹ̀ síwájú díẹ̀, ó ń wo ojú kọ̀ǹpútà bí ó ti máa ń wo òwú tí oníbàárà bá mú wá. Nígbà tí wọ́n jáde síta, ó dákẹ́ títí wọ́n fi dé ìdí ọ̀kadà.

"Bùkọ́lá ilé kejì bi mí lánàá pé kí ni wọn yóò máa pè ọ́," ni ó wí. "Mo ní kó dúró ná. Mo ní ìwọ ni yóò sọ."